Bí A Ṣe Lọ Fìdí Rẹmi Nítorí Corinne

Ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń dúró nídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn Milo Kresha, ní ìlú Dubrava, ní Nebraska. Lavonne Zabka ni wọ́n ń pè mí, ẹ má fi mí pe apoògùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gba ìwé dókítà lọ́wọ́ aláìsàn, kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè ketekete, kí Milo gbé ike oògùn sílẹ̀, kí n tún ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà sókè, kí Milo tó da oògùn sórí àwo, kó máa fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀ pín in ní márùn-ún márùn-ún. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló sọ ọ́ di òfin. Ó ní òun fẹ́ kí etí òun jẹ́rìí sí ohun tí ojú òun rí. Èmi náà fẹ́ràn láti máa gbọ́ ohùn ara mi, n kò bá a jiyàn. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun dùn mí tí ohùn mi lọ pátápátá ní ọdún tó kọjá, ṣe ló ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ní òun ń lọ pẹja. Mo ní àgbàlagbà yìí mà mọ ọ̀lẹ ṣe o.

Milo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ó sì fẹ́ sinmi. Kò rí ẹni tó máa gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn apoògùn ìwòyí kì í fẹ́ gbé ní ìlú tí kò ní ju ẹyọ iná ọ̀nà kan lọ, ọgọ́ta máìlì sì ni wàá wa ọkọ̀ kí o tó débi tí wọ́n ti tún ń ta oògùn. Corinne, ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin, ni gbogbo wa ń wò lójú. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń da súìtì sórí àwo, tí yóò máa fi ọ̀bẹ bọ́tà pín in ní márùn-ún márùn-ún bí Milo. Kò sẹ́ni tó ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ibi méjì ló gbà á. Yunifásítì ńlá ti ìpínlẹ̀ wa gbà á, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Haskamp náà gbà á, èyí tó jẹ́ máìlì mọ́kànlá sí ilé wa. Kí ọmọ tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìwé ní ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ èyí tó yẹ kó mú di àríyànjiyàn nídìí kọfí ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Eldon Rasmussen, tó ń gbin àgbàdo lẹ́yìn ìlú, ní, "Orúkọ ni. Tí mo bá fẹ́ ra irúgbìn, orúkọ ara àpò ni mo kọ́kọ́ ń wò."

Milo ní, "Irúgbìn ò mọ orúkọ ara àpò, Eldon. Ilẹ̀ tó bọ́ sí ló mọ̀. Tó bá lọ sí yunifásítì, irinwó ni wọ́n máa jókòó sí gbọ̀ngàn kan. Ta ló máa mọ̀ ọ́n débi tó máa kọ lẹ́tà fún un?"

"Èmi ò mọ orúkọ gbogbo màlúù mi, mo sì ń rí wọn tà."

"Corinne kì í ṣe màlúù."

Èmi tí n kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, mo gbé fóònù, mo pe ilé ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn fúnra mi. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ló gbé e. Ó ní, "Mà, a kì í wo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ti wá. Máàkì rẹ̀ la ń wò, àti lẹ́tà olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kéde rẹ̀ fún gbogbo ilé. Bí Corinne ṣe lọ sí Haskamp nìyẹn. Èmi ni mo tì í síbẹ̀, n kò lè purọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dára ni Haskamp o, àfi pé ó kéré. Ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ẹṣin tí wọ́n fi ń díje sì ju iye yẹn lọ. Ọdún àkọ́kọ́ Corinne lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọdún kejì ló pàdé kẹ́mísìrì ohun abẹ̀mí, èyí tí wọ́n ti ń ya igun mẹ́fà-mẹ́fà kún ojú ìwé. Mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan ti lọ kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta màlúù ní gbàǹjo. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, èkejì ti fẹ́ ọkùnrin kan tó ń gun ẹṣin, ó ti bá a lọ sí Wyoming. Ó ku Corinne nìkan.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, Corinne gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ kọ C sí i. Nínú èkejì, ó gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. C ni. Nígbà tí sáà parí, C ló jáde nínú ìwé. Ọmọ náà jókòó sí kíṣìnì mi, kò sunkún, ó kàn ń fi ọ̀bẹ pín ẹ̀pà ní márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mú un lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Dókítà Engdahl, tó ti ń kọ́ kẹ́mísìrì ní Haskamp láti ọdún mọ́kànlélógójì.

Mo ní, "Dókítà, ọmọ yìí gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Iṣẹ́ tó dáa gan-an ni."

"Ẹ wá fún un ní C."

"Ẹni tó bá wà láàrin kíláàsì ló ń gba C. Láti ọdún 1911 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ má baà máa fi A tọrẹ fún ẹni tó bá wù ú."

"Ta ló wà láàrin?"

"Corinne ni."

"Ta ló wá wà lókè?"

"Corinne náà ni."

"Ẹ fún ẹni tó wà lókè ní A nígbà náà, kí n máa lọ sílé."

"Mà, tí mo bá fún ẹni tó wà lókè ní A, àfi kí n fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní F."

"Ta ló wà nísàlẹ̀?"

Ó wo Corinne bí ẹni tí omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Àánú ni mo fi C yẹn ṣe é, mà."

Èèyàn burúkú kọ́ ni ọkùnrin náà, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ká ní ó burú ni, ǹ bá bú u, ara mi á fúyẹ́. Mo wọ inú ọkọ̀, mo tún pe obìnrin olóhùn oyin. Ó ní C kan kò ṣe nǹkan, bí sáà kejì bá ti jẹ́ A. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe A, ẹ̀rọ ni yóò da ìwé ọmọ náà nù, kò níí dé ọwọ́ èèyàn rárá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹ̀rọ yín pé òun nìkan ló wà ní kíláàsì, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn nìyẹn."

Ó dá mi lóhùn pé, "Mà, a kì í wo kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo fi yangàn nídìí kọfí ló padà wá gbá mi létí. A ronú pé kó lọ sí yunifásítì ńlá. Wọ́n ní kó tún kẹ́mísìrì náà bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, ọdún kan gbáko á sì lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Milo, ó di gíláàsì ojú rẹ̀ mú, ó nù ún títí. Ó ní, "Mi ò ní ọdún kan tí mo lè fi ṣòfò, Lavonne." Mo rò pé ẹja ló ń wù ú pa.

Ìpàdé tí a ṣe sí yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló tú wa sílẹ̀. Ṣílì, ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́wà, àti búrẹ́dì oníṣínámọ́nì la jẹ, nítorí kò sẹ́ni tó ń ronú dáadáa láìjẹ ẹ́. Eldon ló rántí pé Haskamp máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún wọ kíláàsì tó bá wù ú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ní, "Ohun tí ọmọ yìí nílò ni àwọn tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ti fìdí rẹmi rí. Mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo ní, "Ìwọ nìkan ò lè tó, Eldon, bó o tilẹ̀ dára tó níbẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa méje la lọ forúkọ sílẹ̀: èmi, Eldon, àwọn mẹ́rin tó máa ń ta káàdì ní ọjọ́ Tuesday, àti Milo fúnra rẹ̀. Pẹ̀lú Corinne, a di mẹ́jọ. Dókítà Engdahl wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rí èèyàn mẹ́jọ, ó tún padà jáde lọ wo nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn. Nígbà tó dá a lójú, ó jókòó, ó yọ áńkáṣíìfù. Ó ní láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, òun kò rí èèyàn mẹ́jọ pọ̀ lójú kan rí, àfi níbi ìsìnkú. Ó ṣàlàyé òfin fún wa: nínú mẹ́jọ, ẹyọ A kan ló wà, ẹni tó bá ga jù ló ni ín.

Ẹ wò ó, fífìdí rẹmi kò rọrùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdánwò sórí ìwé ti bà jẹ́ tipẹ́, nítorí náà Dókítà Engdahl máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbéèrè gàdàgbà-gàdàgbà sára pátákó. Milo jókòó sí ìjókòó iwájú pátápátá. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, n kò mọ nǹkan kan, mo bá kọ bí wọ́n ṣe ń se kolache, búrẹ́dì aládùn kékeré tí wọ́n ń fi èso púrúǹsì sí nínú. Engdahl fún mi ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ní mo mọ ìgbà tó yẹ kí iná wọlé. Eldon tó sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, àádọ́ta ló gbà. Ogójì ọdún ló ti ń da ajílẹ̀ amóníà sí oko àgbàdo, kò mọ̀ pé kẹ́mísìrì lòun ń ṣe. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lẹ ìwé ìdánwò náà mọ́ fìríìjì. Corinne gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Milo gba ọgọ́rùn-ún.

Mo dúró dè é níbi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe yìí?"

Ó ní, "Lavonne, mo fẹ́ kọ irọ́. Mo ti gbé bírò. Ìbéèrè náà dá lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí Eldon ń lò. Ọwọ́ mi ò gbé e."

"Eldon ò níí kú torí pé ẹ gba òdo nínú ìdánwò."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ló fi ń kọ òótọ́."

Ó ṣèlérí pé kò tún níí ṣẹlẹ̀. Nínú ìdánwò kejì, ó mú ìwé pélébé kan tó kọ "Má mọ̀ ọ́n" sí wá láti ilé, ó gbé e ka iwájú ara rẹ̀. Ó gba ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Ó gba ọgọ́rùn-ún, ó sì tún tọ́ ìbéèrè kan tí Engdahl kọ sódì sọ́nà. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Àwọn oníkáàdì kò jẹ́ kó bá wọn ta mọ́. Àbúrò mi, bàbá Corinne, rí i ní òpópónà, ó kọjá sí òdìkejì. Ká sọ tòótọ́, èmi náà kò kí i dáadáa ní gbogbo oṣù kẹrin, mo kàn ń ka oògùn fún un bí ẹni ń ka ẹ̀sùn.

Ìdánwò àṣekágbá ló kù, òun ló ní ìdajì máàkì. Mo lọ bá Milo ní ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá. Ó gbà kíákíá. Ó ní òun á lọ pẹja. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Corinne wà lẹ́yìn àgbékà, ó ń to oògùn ikọ́.

Ó jáde sí wa. Ó ní, "Bàbá Kresha, ẹ wá o."

Mo ní, "Corinne, pa ẹnu dé."

"Rárá, Àǹtí Lavonne. Ẹ ti kó ìlú wá sábẹ́ mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá jókòó sílé, àga òfìfo ni mo máa borí. Lọ́jọ́ tí mo bá dé ìdí káńtà yìí tí èèyàn bá béèrè pé ṣé mo mọ̀ ọ́n tó Bàbá, kí ni kí n wí? Pé wọ́n lọ pẹja?"

Milo wò ó títí. Ó ní, "Màá wá. Mi ò sì níí fà sẹ́yìn o."

Corinne ní, "Ẹ má fà sẹ́yìn."

Mo lọ sílé, mo gbé kolache sẹ́nu, n kò mọ adùn rẹ̀. Mo rò pé agídí ló máa pa ẹbí wa.

Ní ọjọ́ ìdánwò, nǹkan kan ti yí padà ní Haskamp. Àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́ pé èèyàn méje wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sí kíláàsì kẹ́mísìrì, orí wọn wú, wọ́n tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Dókítà Engdahl kò kọ nǹkan sára pátákó. Ó pín ìwé títẹ̀ fún wa, ó ń fi ọwọ́ pa á bí ẹni tó bí ọmọ tuntun. Mo rí Milo tó gbé tirẹ̀ sún mọ́ imú. Ó wá gbé e lọ sí ìdí fèrèsé. Mo ní ó ń ṣe fàájì.

Lọ́jọ́ kẹta, èsì jáde. Corinne gba méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Milo gba mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Corinne ló wà lókè, A rẹ̀ dé. Àwọn oníkáàdì gbé Milo sókè tòun ti àga. Gbogbo wa lérò pé ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ irọ́ pípa nítorí ọmọ náà. Eldon ń lù ú lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o gbádùn kó o máa dẹ́rù bà wá." Àní omijé bọ́ lójú mi.

Milo kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Engdahl fún òun ní ìwé òun. Ìbéèrè kẹsàn-án ló ti ṣubú. Àwòrán oògùn méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jọra bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jọ ọwọ́ òsì. Nínú ọ̀kan, ìlà kan dúdú láti òkè dé ilẹ̀. Nínú èkejì, ìlà náà já wẹ́wẹ́. Èyí kan ń wo èèyàn sàn, ìkejì kò ṣe nǹkan kan fún aláìsàn. Wọ́n ní kí a sọ ìyàtọ̀ wọn. Milo ti kọ ọ́ pé, "Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Lavonne, níbo ni èyí tó já wẹ́wẹ́ wà?"

Mo gbé ìka mi lé e.

Ó tẹjú mọ́ ẹnu ìka mi pẹ́. Ó ní, "Mo gbàgbọ́ pé ó wà níbẹ̀, tó o bá ti sọ ọ́."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé n kì í ṣe ẹlẹ́rìí ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta yìí. Èmi ni ojú náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú kan gbogbo ọjọ́ tí n kò wá síbi iṣẹ́, mo wá rántí ọjọ́ mẹ́rin tí ohùn mi lọ, àti ẹja tó ní òun lọ pa. Kò gbé ike oògùn kan ṣoṣo láìjẹ́ pé mo kà á fún un. Ó mọ̀. Ó kàn ń sáré kí ojú rẹ̀ má tíì lọ tán kí Corinne tó dé ni, òun tí mo pè ní ọ̀lẹ. Ojú tì mí gan-an.

Ní ọjọ́ Monday tó tẹ̀lé e, Milo fúnra rẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé òun kò po oògùn mọ́. Ó gbé e kọ́ wíwọ́, mo bá a tọ́ ọ. Láti ìgbà náà, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni oògùn ń gbà dé Dubrava, ó sì máa ń pẹ́. Èmi ń ta ọṣẹ, káàdì ọjọ́ ìbí àti kọfí. Bẹ́ẹ̀ ni a kò kúrò ní kíláàsì Engdahl, ẹ má rẹ́rìn-ín. A kò mọ bí a ṣe máa sọ fún un. Ó tún ti padà sórí pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, ó ní ẹ̀rọ náà ń yọ òun lẹ́nu, mo sì mọ ẹni tó ṣe é fún. Milo ló ń gba A. Èmi ni mo wà láàrin.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn apoògùn pe Corinne fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi í: kí ló dé tó fi lọ sí Haskamp. Àwọn tí kì í wo kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní olùkọ́ ibẹ̀ mọ orúkọ òun. Wọ́n ṣí lẹ́tà Engdahl, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú èèyàn mẹ́jọ, Corinne ló ṣe ipò kìíní, ẹni tó ṣe ipò kejì sì ti po oògùn fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ṣèèṣì kọ ọ́ ni. Wọ́n pe Milo lórí fóònù, Milo ní òótọ́ ni, ó sì tọ́ sí i. Wọ́n gba Corinne wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Corinne ń lọ, Milo wà nídìí káńtà, oògùn tirẹ̀ tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ó tì í sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Lavonne, ka ohun tó wà lára ẹ̀ fún mi." Mo wá gíláàsì mi, n kò rí i.

Corinne ti ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀, àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti kà á: orúkọ oògùn náà, bó ṣe le tó, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta.

Milo da oògùn náà sórí àwo. Ó fi ìka pín in ní márùn-ún márùn-ún, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan títí ó fi parí.

Ó ní, "Ó pé. Ọdún mẹ́rin lo máa lò níbẹ̀, àbí?"

Corinne ní, "Ọdún mẹ́rin ni, Bàbá."

Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù, ó na èèkù ọ̀bẹ náà sí Corinne. Lẹ́yìn náà ló ní kó máa lọ kí oòrùn tó mú.